Búlọ́ọ̀kù, bíríkì ilẹ̀pa tàbí amọ̀: èwo ni kí olówó kékeré fi kọ́lé l'Ékìtì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà yàrá kan ní Àtìkánkán tàbí Odò Adó, tí ẹ ti rí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì rà lẹ́yìn ìlú, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè èyí tó lẹ́wà jù. Ẹ wo èyí tí owó yín lè gbé dé orí páànù kí òjò tó dé.

Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo bíríkìlà mọ̀. Nǹkan bíi 10 ló ń gba mítà kan níbùú àti lóròó. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní 10, yóò gba bíi 400 lẹ́yìn tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Rírẹ́ ògiri nínú àti lóde ló kù, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tán. Ẹ fi ìṣó ha búlọ́ọ̀kù kí ẹ tó sanwó. Bó bá ń ya bí iyanrìn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bíríkì ilẹ̀pa tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó ń há mọ́ra, ni mo fara mọ́ jù. Ilẹ̀pa kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni l'Ékìtì, sìmẹ́ǹtì tó ń wọ inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ lè fi òde rẹ̀ sílẹ̀ láìrẹ́. Ẹ háyà ẹ̀rọ, ẹ bẹ ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, kí ẹ bu ti ìsàlẹ̀ sínú ìgò, ẹ po omi mọ́ ọn, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á rì sísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ fi iyanrìn kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bíríkì á sán. Ẹ má sá a sóòrùn rárá! Ẹ bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Kí bíríkìlà tó ti kọ́ irú rẹ̀ rí ló tò ó, torí bí ìlà àkọ́kọ́ bá wọ́, gbogbo ògiri á wọ́.

Amọ̀ lásán ló pọ́ọ́kú jù, ilé àwọn baba wa ṣì dúró. Ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ ni òjò ti ń jẹ ẹ́, sìmẹ́ǹtì tí a sì fi rẹ́ ẹ kì í pẹ́ ṣí.

Ní tèmi, òkúta ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta lé e, kí bíríkì ilẹ̀pa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí páànù sì yọ síta dáadáa. Kí olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ ti fọwọ́ síwèé ṣáájú. Oṣù kọkànlá ni kí ẹ tẹ bíríkì, ọjọ́ 28 ni kó fi le. Ẹ gbé ògiri dìde ní oṣù kìíní, kí kápẹ́ńtà gun òkè ní oṣù kejì.