Òkìrìkà Ògbómọ̀ṣọ́ lórí òkè Ben Nevis: èyí tó tó rà àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Ẹni tó bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kàwé ní Skọ́tílándì, ọjà òkìrìkà ló ti máa ń kó ẹ̀wù òtútù kó tó wọ bàálù. Ọgbọ́n ni: owó tó ra súwẹ́tà mẹ́ta ní àdúgbò Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá ni yóò ra ẹyọ kan tuntun lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó bá débẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ní kí wọ́n jọ lọ gun Ben Nevis, òkè tó ga jù ní gbogbo Britain, 1,345 mítà. Òkè yẹn la fi díwọ̀n ọjà òkìrìkà níbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni. Láti Glen Nevis, lẹ́bàá ìlú Fort William, ni ọ̀nà tí èrò ń gbà jù ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú òkun lọ, nítorí náà gbogbo gíga òkè náà pátá lẹ máa fẹsẹ̀ gùn. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ kìlómítà 16 sí 17, ó sì máa ń gba wákàtí méje sí mẹ́sàn-án, òkúta ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Orí òkè fi nǹkan bíi dígírì 9 tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, a ò tíì dá ti afẹ́fẹ́. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún ju mílímítà 4,000 lọ, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti Ògbómọ̀ṣọ́. Yìnyín lè wà lórí rẹ̀ títí wọ oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lo àáké yìnyín àti irin eléyín abẹ́ bàtà, kó má dá a lábàá rárá.

Bàtà ni òkìrìkà ti kùnà jù. Kì í ṣe pé kò rẹwà. Bàtà òkè láti Jámánì tàbí Ítálì máa ń jáde nínú bẹ́ẹ̀lì, awọ rẹ̀ á máa dán, ẹni tó ń tà á á ní, “Òrígínà ni o, àbúrò mi, kò lè já láéláé.” Awọ lè má já lóòótọ́. Fóòmù tó wà láàárín awọ àti rọ́bà ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wí. Pọ́líyúrétéènì ni wọ́n fi ṣe é nínú ọ̀pọ̀ bàtà òkè, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò wọ bàtà náà rí. Ooru máa ń mú un yá. Bàtà tó ti dàgbà ní Yúróòpù, tó gba inú kọ̀ǹténà kọjá, tó tún wá lo oṣù mélòó kan lábẹ́ páànù, á jókòó dáadáa lórí àtẹ, á sì tú lẹ́sẹ̀ yín ní kìlómítà kẹta.

Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an. Tó bá wọlé tó sì padà síta, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Tó bá sán, tàbí tó rún bí èlùbọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ gbé e kalẹ̀. Èyí tó bá yege, ẹ di iwájú àti gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa wo ibi tí rọ́bà ti pàdé awọ. Ṣúmẹ́kà tó bá ní òun á lẹ èyí tó ṣí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: gọ́ọ̀mù kì í mú ohun tó ti di lúbúlúbú.

Bàtà onírin àwọn òṣìṣẹ́ náà pọ̀ nínú bẹ́ẹ̀lì, ó lágbára, ó sì dà bíi pé òun gan-an lẹ ń wá. Òun kọ́. Irin iwájú rẹ̀ ń fa òtútù sí ọmọ ìka, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ìka yín á máa gbá irin náà ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bàtà gidi, kó fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dán an wò, kó wọ̀ ọ́ gun òkè Adó-Àwáyè lápá Ìṣẹ́yìn kó tó rìnrìn àjò. Ibi tí yóò bá ti bó o lẹ́sẹ̀, ilé ló ti máa mọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tọ́jú owó bàtà de ọ̀hún.

Súwẹ́tà ńkọ́? Ẹ rà á, ẹ má ṣiyèméjì. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun máa ń gba òtútù dúró bó tilẹ̀ rin, èyí tí wọ́n ń pè ní fleece, tí wọ́n fi pọ́líẹ́sítà ṣe, kì í pẹ́ gbẹ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí ẹ máa bọ́ ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ń làágùn lọ sókè. Jíǹsì àti ohunkóhun tí wọ́n fi òwú ṣe, Under-G ni kó parí sí. Tó bá ti rin, omi tútù lẹ wọ̀ yẹn.

Jákẹ́ẹ̀tì òjò ló gba sùúrù. Ẹ yí inú rẹ̀ síta. Lójú rírán, ẹ máa rí téèpù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí ihò abẹ́rẹ́. Tó bá ti ń ṣí létí, ibẹ̀ lòjò máa gbà wọlé. Tí inú aṣọ bá ń bó, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ohun tó ń dí omi ti kú, kò sí ọṣẹ tó lè jí i. Ẹ tọrọ omi díẹ̀, ẹ dà á sí èjìká rẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Tí ìta nìkan bá mu omi tí inú gbẹ, kò burú, oògùn tí wọ́n ń fín sí i wà. Tí oníṣòwò bá kọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ da omi sí ọjà òun, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Sòkòtò òjò ṣọ̀wọ́n nínú bẹ́ẹ̀lì, ẹ sì nílò rẹ̀.

Ohun kan wà tí kì í ṣe òkìrìkà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún: tọ́ọ̀ṣì orí tí àwọn ọdẹ ń rà. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní Fort William kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ gba iná sí i kó kún, ẹ tàn án sílẹ̀, kẹ́ ẹ ka wákàtí. Tí kò bá tó mẹ́fà nílé, kò ní tó bẹ́ẹ̀ nínú òtútù. Ẹnu pílọ́ọ̀gì oníka mẹ́ta tiwa náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bátìrì tẹ́ ẹ bá mú sọ́wọ́, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà nínú bàálù.

Ohun tí ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní, ẹ má fi fóònù rọ́pò rẹ̀: máàpù OS Explorer 392 àti kọ́ḿpáàsì. Orí òkè náà tẹ́jú, ọ̀gbun sì wà ní apá méjèèjì. Tí kùrukùru bá bolẹ̀, láti ibi òpó ìwọ̀n tó wà lókè pátápátá, ẹ rin 150 mítà lórí dígírì 231, lẹ́yìn náà 900 mítà lórí dígírì 282. Ti orí máàpù nìyẹn; àríwá kọ́ḿpáàsì lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti máàpù, nítorí náà ẹ lo àtúnṣe tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀. Ẹni tó bá gé ti àkọ́kọ́ kúrú lè bọ́ sínú ọ̀gbun Gardyloo Gully. Ẹni tó bá yà sósì jù á kọrí sí ọ̀gbun Five Finger Gully. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ nílò àwọn tó ń dóòlà èèyàn lórí òkè. Wọn kì í gba owó. Fèrè náà ṣe pàtàkì: ẹ fun ún lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, kúlíkúlí àti dábínù dára, wọn kì í tètè bàjẹ́, wọ́n sì ń fúnni lágbára. Kílíṣí àti wàrà, ẹ jẹ ẹ́ tán nílé: òfin Britain ò gba ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti Nàìjíríà, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.