Pọ́ńpù tó ń lo afẹ́fẹ́: fáàfù tí ọ̀pá ń tì àbí èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì, èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra pọ́ńpù tó ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́, bóyá ọ̀dà lẹ̀ ń pò ní Asa Dam Road o, bóyá ọṣẹ olómi lẹ̀ ń ṣe ní Gànmọ̀ o, tàbí dísẹ́ẹ̀lì lẹ̀ ń fà nínú dúrọ́ọ̀mù l'Ọ́fà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn bèèrè pé irin ni àbí ike kẹ́ ẹ sì sanwó. Fáàfù afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Rọ́bà pẹrẹsẹ méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ á wọ ẹ̀yìn ti ọ̀tún, á tì í, ohun tó wà níwájú ẹ̀ á jáde, bó ṣe ń lọ ló ń fa ti òsì tẹ̀lé e, ìyẹn náà á máa fa tiẹ̀ wọlé. Tí wọ́n bá dé òpin, fáàfù á yí afẹ́fẹ́ sí òdì kejì. Jim Wilden ará Amẹ́ríkà ló ṣe irú ẹ̀ jáde ní 1955.

Nínú èyí tó rọrùn jù, ọ̀pá yẹn fúnra ẹ̀ ló ń ti fáàfù. Kò wọ́n, nǹkan inú ẹ̀ ò pọ̀, mẹkáníìkì yòówù lè tú u. Àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kéré tí pọ́ńpù ń rọra lọ, fáàfù lè dúró sáàárín, kò ní lọ kò ní bọ̀, ẹ̀ á wá máa fi hámà gbá a.

Nínú ìkejì, ọ̀pá ò kan fáàfù ńlá rárá. Píìnì kékeré ló máa tẹ̀, píìnì yẹn á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lọ sí orí spool, ìyẹn irin kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú fáàfù ńlá, afẹ́fẹ́ díẹ̀ yẹn lá wá ti spool náà, òun ló ń darí afẹ́fẹ́ púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí spool kan tóbi, ìkejì kéré, afẹ́fẹ́ wà ní orí kékeré nígbà gbogbo: tó bá wọ orí ńlá, orí ńlá á borí, tó bá jáde níbẹ̀, orí kékeré á tì í pa dà. Ó máa ń yí lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìdí tó fi ṣòro kó dúró sáàárín nìyẹn. Ohun tí kò fẹ́ ni ìdọ̀tí àti omi, torí ihò ẹ̀ tín-ín-rín. Eruku ọyẹ́ wa ńkọ́, omi tó ń gbára jọ sínú táǹkì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nígbà òjò ńkọ́? Ẹ ra fíltà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì máa tú omi táǹkì lójoojúmọ́. Omi yẹn náà ló ń di yìnyín ní ẹnu sáílẹ́ńsà, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lára pọ́ńpù, àní nínú ooru Ìlọrin.

Èmi á ra ìkejì. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ra fíltà, ẹ mú àkọ́kọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan án níwájú yín. Ẹ dín afẹ́fẹ́ kù lójú régúlétọ̀ títí tó fi ń rọra lù, pà… pà… pà, ẹ wá ti tápù ibi tó ń tú jáde. Ó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣì ń ṣe ṣùùù lẹ́nu sáílẹ́ńsà, ó ń jò nínú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣí tápù, tí kò bá gbéra fúnra ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ náà ni.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré àwọn fọkanáísà lè ní agbára tó bó ṣe yẹ lójú géèjì, àmọ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀ kì í pọ̀ tó. Ẹ má sì retí pé pọ́ńpù á tú omi pẹ̀lú agbára tó ju ti afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ fún un lọ: bó bá jẹ́ bar 6 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) lẹ fi sí i, kò lè kọjá 6.

Ti rọ́bà pẹrẹsẹ yẹn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é: nitrile fún dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má jẹ́ kí EPDM kan epo, Teflon fún tínà. Tó bá jẹ́ tínà tàbí pẹtiróòlù lẹ fẹ́ fà, ẹ má ra ike lásán, ẹ ra irin, kẹ́ ẹ sì fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, torí iná kékeré tó ń ta lára ẹ̀ lè jó ilé.