Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá kó ẹja wá lọ́jọ́ kan náà tó to tánkì aquaponics fún yín

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja kí ẹ sì máa fi omi rẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń lọ káàkiri Ọ̀ta-Ẹ̀fun, Òkè-Fìà àti ọ̀nà Ìkìrun, ó ń ta aquaponics, ìyẹn ètò tí omi tánkì ẹja fi ń gba inú àpótí òkúta tí ẹ̀fọ́ wà kọjá kó tó padà sí tánkì, ní odindi: tánkì, páìpù, pọ́ǹpù, òkúta, irúgbìn àti ọmọ ẹja, gbogbo rẹ̀ lówó kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ti ń gbọ́ pé àwọn mìíràn ti kọ́ ọgbọ́n jìbìtì yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kí ẹ mọ̀.

Ohun tó máa ń sọ fún èèyàn ni pé, "Lónìí la máa tò ó, lónìí lẹja máa wọlé, ẹ ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀fọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà.

Ẹja tó ń jẹun máa ń tú amóníà sínú omi. Májèlé ni amóníà yìí fún ẹja. Bakitéríà kan, ohun alààyè tíntìntín tí ojú kò lè rí, ló máa ń sọ ọ́ di náítíráìtì, májèlé ṣì ni ìyẹn náà; òmíràn á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ fẹ́ràn láti fà mu. Kò sí àwọn bakitéríà yìí nínú tánkì tuntun. Ara òkúta inú àpótí ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti máa ń gbèrú díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó láti gbé ẹrù ẹja. Ooru ìlú wa bá wọn lára mu, síbẹ̀ ọjọ́ kan kò lè tó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò jẹ́ kí omi máa yí ká láìsí ẹja, yóò máa bu oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i kó jẹrà kí bakitéríà lè rí nǹkan jẹ, yóò sì máa yẹ amóníà àti náítíráìtì wò títí tí méjèèjì kò fi ní sí mọ́. Ìgbà yẹn ló tó pe ẹja.

Ọkùnrin yìí mọ gbogbo èyí. Mo bi í léèrè níwájú àwọn èèyàn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé àìmọ̀ ni.

Ẹja àrọ̀ ló máa ń kó wá, ó sì nídìí. Àrọ̀ lè gbé ẹnu sókè mí atẹ́gùn, ara rẹ̀ le, ó máa ń fara da omi búburú ju ọ̀pọ̀ ẹja lọ. Nítorí náà kì í kú lọ́jọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, oníṣòwò náà á ti gba ìyókù owó rẹ̀.

Màmá kan ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ fi owó àjọ rẹ̀ rà á. Nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ó pè é, ọkùnrin náà kò sì sá. Ó dé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó bá màmá kẹ́dùn, ó wo omi, ó ní àìsàn ló wọlé. Bó ṣe ń tètè dáhùn yìí ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i. Ó wá ta ìyẹ̀fun kan fún wọn pé kí wọ́n pò ó mọ́ omi. Nígbà tí mo wo ọ̀rá rẹ̀, àgbo-òyìnbó tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn lára adìyẹ ni, irú oxytetracycline tí àwọn olósìn adìyẹ ń lò.

Ẹ bá mi wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Oògùn tó ń pa bakitéríà kì í yan èyí tó fẹ́ pa. Ìwọ̀nba bakitéríà rere tó ti ń gbìyànjú lára òkúta lè kú pẹ̀lú rẹ̀, amóníà á tún gòkè, ẹja tó kù á kú, ọkùnrin náà á sì tún ta ọmọ ẹja tuntun. Inú ikú ẹja yín ni èrè rẹ̀ wà. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé omi olóògùn yẹn náà ló ń lọ sí gbòǹgbò ewédú tí màmá àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ da oògùn adìyẹ sínú omi tó ń bọ́ ẹ̀fọ́ yín, ẹ lé e jáde.

Ó tún ní ìgò kan tó ń tà lọ́tọ̀, ó ní "ẹ̀mí omi" ni, pé òun ló ń jẹ́ kí ẹja lè wọlé lọ́jọ́ kan náà. Lóòótọ́ àwọn kan ń ṣe bakitéríà inú ìgò, ṣùgbọ́n èyí tó tà fún wọn kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, inú oòrùn ló sì ń gbé e kiri. Fún ẹlòmíràn, ó ní kí wọ́n lọ bu omi Ọ̀ṣun dà sí i dípò rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Gbogbo wa la mọ bí odò náà ṣe pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu ún. Omi tí a ò lè mu, kí la fẹ́ fi bọ́ ẹja tí a fẹ́ jẹ?

Iye ẹja tó ń kó wá náà jẹ́ àmì. Ó kó ọmọ àrọ̀ 200 sínú tánkì lítà 1000. Àjọ FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, gba ẹni tó ń ṣe é nílé níyànjú pé kó má ju kílò 20 lọ nínú lítà 1000. Bí ẹja kan bá wọn ìdajì kílò, 40 péré nìyẹn. Tí 200 bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kílò 100 ni. Ó mọ̀ pé wọn ò ní dàgbà débẹ̀.

Òkúta funfun tó ń dán tó máa ń lò, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹyọ kan. Bó bá hó tó yọ ìfófòó, ẹ dá a padà. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ á máa lé pH omi sókè, ìyẹn ni pé kíkan omi á máa dín kù, amóníà á túbọ̀ máa pa ẹja, ewé ẹ̀fọ́ á sì pọ́n. Òkúta gíránáìtì tí a fọ̀ dáadáa kò ní hó.

Pọ́ǹpù ńkọ́? Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ohun tó máa gbé dé òkè. Ó yẹ kí gbogbo omi tánkì yí ká lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 20 sí ibi gíga tí páìpù máa dé, ẹ tan pọ́ǹpù: fún tánkì lítà 1000, kẹ́ẹ̀gì náà gbọ́dọ̀ kún kí ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 tó kọjá. Ẹ ṣe é níṣojú rẹ̀. Ẹ sì bi í pé kí ló máa gbé pọ́ǹpù nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, torí àwọn tó rà á, kò fún ẹnì kankan ní bátìrì. Tánkì náà, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ kẹ́míkà, ẹ má rà á, bó ti wù kó dán tó.

Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀, ẹ má san ìyókù. Ẹ tọ́jú risíìtì, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá yín sọ lórí WhatsApp. Òfin olùrajà ti 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà kí ẹ sì gba owó yín, àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo olùrajà, ni ẹ ó sì mú ẹjọ́ náà lọ bá. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹja ní ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́rẹ́.

Ẹni tí ẹja rẹ̀ sì ti wà nínú omi báyìí: ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta omi kúrò, ẹ fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí kílórínì fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ amóníà àti náítíráìtì wò, kí ẹ sì tún pààrọ̀ omi bí ọ̀kan nínú wọn bá ti gòkè. Ẹ má da oògùn kankan sí i, ẹ má sì fọ òkúta yẹn, torí ibẹ̀ ni bakitéríà tó kù wà.