Ilé-ẹ̀kọ́ kẹta nínú fọ́ọ̀mù wa

Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, torí ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀, àwọn tíṣà rẹ̀ sì mọ̀ mí lójú. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé Peckham ni, ní London, pé kò jìnnà sí Rye Lane níbi tí a ti ń ra iṣu, àti pé òun kọ́ ni a kọ́kọ́ fẹ́: ìkẹta ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí a fi wá àyè alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ wa. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ máa bá mi bọ̀, màá sọ ibi tí ìkarùn-ún bọ́ sí.

Èyí tí a kọ́kọ́ fẹ́ ní bánà gígùn kan lára ọgbà rẹ̀: OUTSTANDING. Ofsted, àwọn tí ìjọba ń rán láti bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, ló fún un lóyè yẹn, èyí tó ga jù lọ nígbà náà. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, bọ́ọ̀sì mi á gba iwájú rẹ̀ kọjá, màá rí àwọn ọmọ tó ń wọlé nínú súwẹ́tà búlúù, màá sì sọ nínú ọkàn mi pé ibí ni tèmi ń bọ̀. Ìbàdàn ni mo ti kàwé. Lọ́hùn-ún, tó o bá fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan, owó ni wàá wá. Mo rò pé níbi tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kéèyàn ṣáà tètè kọ orúkọ ni.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa lókè, ló là mí lójú. "Àbúrò mi, ilé rẹ ti jìn sí ibẹ̀ jù. O ò sí ní catchment, àdúgbò tí wọ́n ti ń mú ọmọ." Mo bi wọ́n pé ibo ni ààlà náà gbà. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó wà.

Mo wá ààlà yìí títí. Kò sí. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní London ò fa ìlà kankan sílẹ̀. Bí àwọn tó kọ orúkọ bá ti ju àyè lọ, ṣe ni wọ́n máa tò wọ́n: ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú kánsù tàbí tó ti wà níbẹ̀ rí ló máa ń ṣíwájú, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa mú ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ jù lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àyè á fi tán. Ibi tí ọmọ tó gba àyè ìkẹyìn ń gbé, òun ni catchment ọdún náà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó lè nà, ó sì lè fà sẹ́yìn. Ọdún tí àwọn àbúrò bá pọ̀, ṣe ló máa ń súnkì bí aṣọ òwú tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀.

Kánsù a máa tẹ ibi tí àyè ìkẹyìn dé jáde nínú ìwé tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òbí. Inú ìwé yẹn ni mo ti rí i pé ọmọ tó gba àyè ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ oníbánà lọ́dún tó ṣáájú tiwa ń gbé ní mítà 340 sí géètì. Bàbá ọmọ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó sì gbà pé òun mọ títì London ju ẹni tó là á lọ, mú fóònù dání, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Ó ní mítà 700 ni láti ilé wa. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìlà tààrà ni, bí ìgbà tí ẹyẹlé bá fò láti orí òrùlé wa lọ síbẹ̀, ojú irin ì báà wà láàárín. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ lè fẹsẹ̀ gbà ni wọ́n ń wọ̀n, nítorí náà ẹ máa ka ìlànà tọkọ̀ọ̀kan. Ní ti ẹyẹlé, mítà 520 ni tiwa. Ẹyẹlé náà ò gbà wá là.

Ìyá Ìbejì tún gbà mí nímọ̀ràn. "Ilé àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an. Fi àdírẹ́sì wọn sí i. Ta ló máa mọ̀?" Kánsù ló máa mọ̀. Wọ́n ń yẹ owó orí ilé wò, wọ́n sì lè gba àyè náà padà kódà bí ọmọ ti ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, mo ní ilé tiwa náà lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti máàkì, torí mo pa òru méjì sórí rẹ̀. Ìparí ọdún 2022 ni. Lójú ewé ìjọba tí wọ́n ti ń fi ilé-ẹ̀kọ́ wéra, èsì ìdánwò Year 6 (kíláàsì ìkẹyìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti 2019. Kòrónà ti fagi lé ti 2020 àti 2021. Wọ́n ṣe ti 2022 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ò gbé èsì ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan síta. Àwọn ọmọ tí mo jókòó tí mò ń ka máàkì wọn ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì tipẹ́. Bánà yẹn tún wá gbó ju ìyẹn lọ. Nígbà tí mo ka ìròyìn Ofsted náà fúnra mi, 2010 ló wà lórí rẹ̀! Láti 2012 títí di 2020, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ti gba OUTSTANDING, àwọn olùbẹ̀wò ò lọ síbẹ̀ déédéé mọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n yìn nínú ìròyìn náà ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti tó gbéyàwó.

Ilé-ẹ̀kọ́ kẹta ní GOOD, oyè tó tẹ̀ lé OUTSTANDING, kò sì kọ ọ́ sára ọgbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó dé ìwọ̀n tí wọ́n ń retí nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò ní 2019 fi díẹ̀ wà lábẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ ti gbogbo England. Bàbá ọmọ mi ní ká yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé nọ́ńbà mìíràn wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní progress. Ó ń fi ọmọ wé àwọn tí wọ́n jọ wà lójú kan náà nígbà tí wọ́n wà ní Year 2, láti mọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ fi kún un. Òdo túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe bí àwọn yòókù. Tiwọn ga ju òdo dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ló jẹ́ pé èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá, Sípáníìṣì, Lárúbáwá. Ẹni tó gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó sì rí i kó, ẹ ò lè fi í wé ẹni tó gbin tirẹ̀ sí àkùrọ̀. Ẹ sì rántí pé nínú kíláàsì ọmọ 30, ọmọ kan ṣoṣo ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ibà bá mú ọmọ méjì láàárọ̀ ìdánwò, wọ́n á ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ń bàjẹ́. (Ẹni tó bá ń wá progress yìí fún 2024 àti 2025 ò ní rí i. Àwọn ọmọ ọdún yẹn ò ṣe ti Year 2 wọn, Kòrónà ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.)

A lọ wò wọ́n. Ní ti oníbánà, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n kó wa sí, wọ́n fi àwòrán hàn wá lára ògiri, a mu tíì, a ò fojú kan ọmọ kankan. Ní ti ẹ̀kẹta, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ní ká wá, nígbà tí ariwo ń lọ, ọmọ Year 6 méjì ló sì mú wa káàkiri. Ọ̀kan fi ilé ìyàgbẹ́ hàn wá, ó ní, "Ẹ má lo ti àárín, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì." Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bá a wí, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ọmọdé kan ń sunkún lọ́nà. Ọ̀gá náà fi wá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó pe ọmọ náà lórúkọ. Nígbà tí a jáde, bàbá ọmọ mi ò mẹ́nu ba nọ́ńbà mọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni wọ́n gbà wá láyè láti kọ. A ṣì fi oníbánà ṣe ìkínní, torí ilé-ẹ̀kọ́ kì í mọ ipò tó o fi òun sí. Bí wọ́n bá lè gbà ọ́ ní méjì, èyí tó ga jù nínú fọ́ọ̀mù rẹ ni kánsù máa fún ọ. A kọ ọ̀kan ní Lewisham, lábẹ́ kánsù mìíràn, ṣe ìkejì. Látìgbà ẹjọ́ Greenwich ní 1989, kánsù ò lè torí pé o ń gbé lódì kejì ààlà kó tì ọ́ sẹ́yìn. Ti ìjọ Kátólíìkì ń béèrè ìwé ìrìbọmi, a fò ó. Àṣìṣe tí Ìyá Ìbejì ṣe fún àwọn ọmọ tiwọn ni pé wọ́n kọ ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n rò pé ìyẹn á jẹ́ kí kánsù mọ̀ pé àwọn ò fẹ́ òmíràn. Kánsù fún wọn níbi tí àyè ṣẹ́ kù. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀ láràárọ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni fọ́ọ̀mù máa ń parí, ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ni ìdáhùn. Lọ́dún 2023 ọjọ́ náà bọ́ sí Sunday, wọ́n sún un sí ọjọ́ kejì. Orí ìjókòó bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí ímeèlì wọlé nírọ̀lẹ́. Ìkẹta. Mi ò ní parọ́, mo sunkún díẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ló wọlé. Orúkọ ọmọ mi ní "gb" nínú. Tíṣà rẹ̀, òyìnbó kékeré kan, gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, kò gbé e. Lọ́jọ́ kejì ó dúró dè mí ní géètì, ó ti kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́, ó ní kí n pè é sínú fóònù òun. Nígbà tó fi di ọjọ́ Friday, ó ń pè é, ohùn rẹ̀ ń ròkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pè é. Òun náà ló sọ fún wa pé ká má torí ilé-ẹ̀kọ́ dẹ́kun Yorùbá nílé.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní kíkà ló wú mi jù. Ìró ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orúkọ lẹ́tà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 wọ́n ṣe àyẹ̀wò phonics fún gbogbo Year 1: ọ̀rọ̀ 40, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rárá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ ń kà á ni àbí ó ń fi orí rántí. Ó gba 37. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ṣí ìwé orin mi, ó fọwọ́ sí lẹ́tà "ẹ", ó ní, "Mọ́mì, kí ló ń jò lábẹ́ èyí?"

Oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ ni. Ti gbogbo England ni láti Reception, kíláàsì àkọ́kọ́, dé Year 2, owó Mayor London ló gbé e dé Year 6 láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ọmọ mi ní ìrẹsì wọn ò mọ ata rí. Ó ń jẹ ẹ́ tán ṣá.

Ìràwọ̀ karùn-ún wàyí. Wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù bí òjò, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì á sì sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ aláràbarà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú ọmọ lọ lọ́jọ́ tí géètì wà ní títì. Àyè fún àwọn ọmọ tó ń dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kì í tó, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi á jí láàárín oorun. Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ yẹn, títí di òní, kì í tì.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ju gbogbo rẹ̀ lọ kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kíláàsì Reception méjì ni wọ́n ní nígbà tí a wọlé. Ó ti di ọ̀kan. Àwọn ọmọ ń dín kù láàárín London, ìbí ti dín kù, owó ilé sì ń lé àwọn tọkọtaya jáde. Iye ọmọ ni ìjọba fi ń pín owó. Ní Southwark, kánsù tiwa níbí, a ti rí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì pa.

Ohun kan náà yìí ló mú kí catchment oníbánà nà. Orúkọ wa ṣì wà lọ́dọ̀ wọn lára àwọn tó ń dúró de àyè, mo ti gbàgbé. Ofsted ti padà lọ síbẹ̀ nígbà tó yá, láti oṣù kẹsàn-án 2024 wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ilé-ẹ̀kọ́ lóyè mọ́. Wọ́n ti ká bánà kúrò, wọ́n kun òdòdó sára ọgbà.

Oṣù tó kọjá ni obìnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní àyè ti yọ ní Year 2, ṣé a ṣì fẹ́ ẹ. Mo wo aago. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn, mo sáré wọ bàtà, torí aago mẹ́ta àbọ̀ ni géètì tiwa ń ṣí, ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ni bí èèyàn bá fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹyẹlé á fi méjì débẹ̀.