vcluster lẹ́yìn oṣù 8: self-contain nínú ilé face-me-I-face-you

Àwa 9 la jọ ń lo staging (ibi tá a ti ń dán iṣẹ́ wò) kan ṣoṣo níbi iṣẹ́ wa l'Ékòó, cluster Kubernetes kan lórí kíláàdù, ìyẹn àwọn máṣíìnì tí Kubernetes so pọ̀ láti máa gbé áàpù wa, olúkúlùkù ní namespace tiẹ̀, ààyè tá a pín fún un nínú cluster, a sì gbà pé ìyẹn ti tó. Ọjọ́ Thursday kan báyìí, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tíì lo oṣù 3 lọ́dọ̀ wa, fẹ́ dán ẹ̀yà tuntun operator, ètò tó ń bójútó dẹtabéèsì Postgres wa, wò. Inú namespace tiẹ̀ ló ti ń ṣe é o, kò yọjú síta rárá. Àmọ́ operator yẹn gbé CRD tuntun dání, ìyẹn ohun tó ń fi irú nǹkan tuntun han Kubernetes, CRD ò sì mọ namespace, ti gbogbo cluster ni, bó ṣe wọlé báyìí ni v1beta1, ẹ̀yà àtijọ́ tí manifest (fáìlì tá a fi ń sọ ohun tá a fẹ́ fún Kubernetes) gbogbo àwa yòókù ń pè, ò dáhùn mọ́, operator tó ń bójútó dẹtabéèsì tiwa ò rí nǹkan tó ń bójútó mọ́, nígbà tó wá di ọ̀sán tí node (máṣíìnì inú cluster) kan kú tó tún dìde, dẹtabéèsì ò bá a dìde. Lásìkò yẹn gan-an làwọn kan nínú wa ń fi áàpù han kọ́síọ́mà. Gbogbo ọ́fíìsì ló pariwo lé ọmọ yẹn lórí. Ó dùn mí gan-an, torí ó tó ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ẹ̀ kó tó tún fọwọ́ kan nǹkan kan láìkọ́kọ́ bi èèyàn 2 léèrè, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan nǹkan, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí?

Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí á tètè mọ ohun tó ṣe wá. Yàrá ẹ ni tìẹ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ kíṣìnnì kan náà ni gbogbo ilé ń lò, balùwẹ̀ kan náà, mítà kan náà, ẹnì kan á ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Namespace ni yàrá yẹn. CRD, ClusterRole (àṣẹ tó kan gbogbo cluster), webhook tó ń yẹ gbogbo nǹkan wò kó tó wọlé, àwọn yẹn ni kíṣìnnì àti balùwẹ̀. vcluster, ètò tó ń dá cluster kékeré sílẹ̀ nínú cluster ńlá, wá dà bí ìgbà tí onílé bá mú yàrá kan nínú ilé yẹn, tó fi kíṣìnnì àti balùwẹ̀ sí i, tó sọ ọ́ di self-contain. Ilẹ̀ kan náà ni, òrùlé kan náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bá ẹ gbé ìkòkò ẹ kúrò lórí iná mọ́.

Loft Labs ló ṣe é, ọdún 2021 ni wọ́n gbé e jáde, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba lábẹ́ láísẹ́ǹsì Apache 2.0. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń tà, àmọ́ ti ọ̀fẹ́ làwa ń lò. Tẹ́ ẹ bá tẹ vcluster create pẹ̀lú orúkọ tó wù yín, á gbé API server tuntun, ibi tí gbogbo àṣẹ Kubernetes ń gbà, kalẹ̀ nínú pod kan (àpò tí áàpù ti ń ṣiṣẹ́), nínú namespace kan lórí cluster ńlá yẹn, dẹtabéèsì kékeré SQLite ló ń kó nǹkan ẹ̀ pa mọ́ sí tẹ́ ẹ ò bá yí i padà. Lójú tiyín, cluster gidi ni: ẹ lè dá namespace sílẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ lè gbé CRD tó wù yín sí i, ẹ̀yin lẹ jẹ́ admin. Tẹ́ ẹ bá wá dá pod sílẹ̀, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní syncer, òun ló máa dárúkọ pod yẹn fún cluster ńlá, kí ìyẹn wá node tó máa gbé e sí. Kò sí máṣíìnì tuntun tẹ́ ẹ máa rà, gbogbo wa ṣì jọ ń lo node kan náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló jẹ́ kí mánéjà wa gbọ́ mi. Kí n tó mọ vcluster, ohun tí mo kọ́kọ́ gbé lọ bá a ni pé kí olúkúlùkù ní cluster tiẹ̀. EKS, Kubernetes ti Amazon, sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń gbà lórí cluster kan ní wákàtí kan, fún control plane (apá tó ń darí cluster) nìkan, ẹ ò tíì ka node o, iye yẹn náà ni GKE ti Google. Sẹ́ǹtì 10 ò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ wò, wákàtí 24 lọ́nà ọjọ́ 30, dọ́là 72 nìyẹn, lọ́nà èèyàn 9, dọ́là 648 lóṣù, náírà sì lowó tó ń wọlé fún wa. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, cluster EKS tuntun á jókòó bí ìṣẹ́jú 10, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó ṣeé lò, nígbà tó bá fi máa dìde èèyàn á ti lọ ṣe nǹkan mìíràn. vcluster tiwa, mi ò rí èyí tó tó ìṣẹ́jú 2 rí.

Àwọn kan á ní ṣé kind, ètò tó ń gbé Kubernetes sórí máṣíìnì ẹni, lórí láptọ́ọ̀pù ò tó ni? Fún nǹkan kékeré, ó tó, mo ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n sáfíìsì 14 la ní, RAM 8GB ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, tí gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà fáànù ẹ̀ á máa ké bíi jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n bá múná lọ bátìrì ò lè gbé e dé wákàtí kan, ká má tíì sọ ti dátà tí image (áàpù tí wọ́n ti dì pọ̀) máa jẹ. Lórí kíláàdù, image ti wà lórí node, kò sí ohun tí mò ń dáńlóòdù.

Bá a ṣe wá ń lò ó rèé. Ẹnì kan bá ṣí pull request (PR), ìyẹn pé kí wọ́n gba àyípadà kóòdù ẹ̀ wọlé, GitHub Actions tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ á dá vcluster kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ nọ́ńbà PR yẹn, Helm tó ń gbé áàpù sórí Kubernetes á kó gbogbo sáfíìsì sínú ẹ̀, dátà tá a fọwọ́ ara wa ṣe á wọ dẹtabéèsì, línkì á jáde, ẹni tó ń ṣe design á ṣí i lórí fóònù ẹ̀ á wò ó. PR bá ti wọlé tàbí tí wọ́n bá ti pa á dé, gbogbo ẹ̀ á pa rẹ́. Dátà tá a fọwọ́ ara wa ṣe ni mo sọ o, mo tẹnu mọ́ ọn. Ẹnì kan dábàá pé ká kúkú máa da dẹtabéèsì production, èyí tí kọ́síọ́mà gidi ń lò, kọ, pé ìyẹn ló máa jọ ti gidi jù, mo kọ̀ jálẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 wà níbẹ̀, ká tiẹ̀ sọ pé òfin ò sí, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó fọkàn tán wa kì í ṣe nǹkan tá à ń kó sínú àtíbàbà tí wọ́n máa tú nírọ̀lẹ́.

Ohun tí mo wá fẹ́ràn jù, ẹ lè yan ẹ̀yà Kubernetes tó yàtọ̀ sí ti cluster ńlá. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí nígbà tí 1.22 jáde ní 2021, tó yọ v1beta1 ti Ingress (ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọ áàpù látìta) dànù, tàbí 1.25 ní 2022 tó yọ PodSecurityPolicy (òfin ààbò fún pod), á rántí bí manifest ṣe ń bàjẹ́ lójijì. Ní báyìí, ká tó gbé cluster ńlá sókè, a máa ń fi ẹ̀yà tuntun yẹn dá vcluster kan sílẹ̀, a ó kó gbogbo nǹkan wa lé e, èyí tó bá máa fọ́ á fọ́ níbẹ̀. Fún èyí nìkan, mo lè dúró lórí tábìlì polówó ẹ̀.

Àmọ́ mítà ṣì jẹ́ ọ̀kan o. Ọ̀sẹ̀ kejì tá a bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ wa kan ń fi load test na sáfíìsì tiẹ̀ nínú vcluster tiẹ̀, CPU node tán, ti gbogbo àwa yòókù ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Ẹ̀bi wa ni, a ò fi ResourceQuota, tó ń fi òpin sí ohun tí namespace kan lè lò, síbẹ̀. Ẹ fi síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí LimitRange náà wà níbẹ̀ kí pod tí kò sọ iye tó fẹ́ má baà máa jẹ kiri. Kernel node náà gbogbo wa la jọ ń lò ó, torí náà kóòdù àwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, ẹ má rò pé vcluster lásán á dá a dúró, máṣíìnì ọ̀tọ̀ nìyẹn ń fẹ́.

Ibi tó ti ṣòro jù fún wa ni pípa á rẹ́. Dídá a sílẹ̀ rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni ò rántí pé nǹkan wà tó yẹ kó tú. Lọ́jọ́ kan mo kà á, vcluster 31 ló wà nílẹ̀, PR 6 péré ló ṣí sílẹ̀, ibi tó yẹ kí Actions ti pa wọ́n rẹ́ ti kọsẹ̀ láti bí oṣù kan, kò sẹ́ni tó wò ó. A wá gbé kube-janitor síbẹ̀, nǹkan kékeré ni, èèyàn iléeṣẹ́ Zalando kan ló kọ ọ́: ẹ fi janitor/ttl sára namespace, ẹ kọ 24h sí i, tí wákàtí 24 bá pé á pa á rẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ bá rántí ẹ ò bá rántí. Ẹ tún wo díìsìkì yín, tí storage class (ètò díìsìkì) bá wà lórí Retain, ìyẹn kó má pa díìsìkì rẹ́, namespace á lọ, díìsìkì á jókòó, wọ́n á sì máa kà á sí yín lọ́rùn lóṣooṣù. Service tó bá jẹ́ LoadBalancer náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ owó, a pa gbogbo wọn dà, ingress kan ṣoṣo ló wà lórí cluster ńlá, wildcard DNS kan tó ń gba gbogbo orúkọ PR, sátífíkéètì wildcard kan. Ẹ má dán an wò láti máa gba sátífíkéètì Let's Encrypt tuntun fún PR kọ̀ọ̀kan, 50 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà fún domain kan, ó máa tán kó tó di Wednesday.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò rí kí wọ́n máa sọ. Tẹ́ẹ̀sì kùnà ní aago 2 òru, vcluster pa rẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ilẹ̀ mọ́, a fẹ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, log ti lọ, dẹtabéèsì ti lọ, pod ti lọ. Ó ṣe wá lẹ́ẹ̀mẹta ká tó gbọ́n. Ní báyìí log ń jáde lọ síta láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tẹ́ẹ̀sì bá sì kùnà, TTL á di 48h kí ẹni tó ni ín lè wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ cluster ńlá náà pé orúkọ pod á yàtọ̀ níbẹ̀, á gùn gbọọrọ bíi api-0-x-default-x-pr-412, kó má lọ rò pé nǹkan àjèjì wọlé.

Mo fún un ní 8 nínú 10. Tó bá jẹ́ pé Deployment àti Service lásán lẹ̀ ń gbé kiri, namespace tó ń pa ara ẹ̀ rẹ́ ti tó yín, ẹ má dara yín láàmú. Tẹ́ ẹ bá ní operator, CRD, webhook, tẹ́ ẹ sì ti ń kọ “mo ń lo staging, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án” sí grúùpù WhatsApp, ẹ gbé e wọlé lọ́sẹ̀ yìí.

Operator Postgres ọjọ́ Thursday yẹn, ọmọ yẹn náà ló padà parí ẹ̀. Ó fọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú vcluster tiẹ̀, lẹ́ẹ̀kẹta ó pè mí wá wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀karùn-ún ó rí i pé ó yẹ kí manifest gbogbo wa kọ́kọ́ bọ́ sórí v1 kí CRD tuntun tó wọlé. Ó gbé e sí production láàárọ̀ Tuesday kan. Nígbà tó di ọ̀sán ni mánéjà ń bèèrè pé ọjọ́ wo la máa ṣe é.