Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá àwo This Year's Model: "àṣìtẹ̀" tí wọ́n ń tà fún yín kì í ṣe àṣìtẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Àwọn kan ń ta àwo orin This Year's Model ti Elvis Costello and the Attractions, akọrin rọ́ọ̀kì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní March 1978, ní ìlọ́po iye tó yẹ ẹ́. Ohun tó wà lára ẹ̀dà rẹpẹtẹ ni wọ́n ń pè ní ohun tó ṣọ̀wọ́n. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á máa ń yí padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fọ́tò kì í yí padà. Torí náà, a ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, ẹ ti dá ọlọ́jà mọ̀ nìyẹn.

Àwo yìí fúnra rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ Radar ló gbé e jáde, RAD 3 ni nọ́ńbà rẹ̀, ó sì gòkè dé ipò kẹrin lára àwọn àwo tó ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ilé ni àwo tó bá ròkè tó bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀. Ẹ̀dà tí àpá wà lára rẹ̀ díẹ̀ kò yẹ kó gbọ́n yín lówó rárá.

Páálí tí àwo wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ irọ́. Barney Bubbles tó ṣètò páálí náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bíi pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣì í tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sún sápá òsì, débi pé lẹ́tà E tó bẹ̀rẹ̀ Elvis àti T tó bẹ̀rẹ̀ This ti gé lọ, tó wá ku "lvis Costello" àti "his Year's Model". Lápá ọ̀tún, ìlà aláwọ̀ mélòó kan tí àwọn atẹ̀wé fi ń yẹ yíǹkì wò, tó yẹ kí wọ́n gé dànù, yọ síta gbangba. Ọgbọ́n ayàwòrán ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣì í. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé "ẹ̀rọ ló tẹ èyí wọ́, kò sí irú ẹ̀ mọ́", bóyá kò mọ ohun tó ń tà, bóyá ó mọ̀ dáadáa. Èwo nínú méjèèjì kò kàn yín, ẹ máa bá tiyín lọ.

Èyí tó ń mú ènìyàn jù ni ti nọ́ńbà. Ẹ gbé ojú kìíní àwo sábẹ́ iná, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà róbótó àárín àwo, ibì kan wà tó ń dán, tí kò ní ìlà orin. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín, tó ní èyí ni "special pressing No. 003", kí ẹni tó rà á tẹ nọ́ńbà tẹlifóònù kan láago, kó béèrè Moira, kó sì gba ẹ̀bùn rẹ̀. Àwàdà ni. Orí àwo ìpilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gé orin sí ni wọ́n ti máa ń fín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara àwo ìpilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń yọ irin tí wọ́n fi ń tẹ àwo, ohunkóhun tó bá sì wà lára irin yẹn, gbogbo àwo tó bá tẹ̀ ló máa gbé e jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Kò sí bí 003 yẹn ṣe lè jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ka ẹ̀dà rẹ̀ ní oókan, ìta ló máa kọ ọ́ sí, lára páálí tàbí lórí bébà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tàbí bírò. Síbẹ̀, ẹ ó ṣì rí ẹni tí yóò kọ "ẹ̀dà kẹta ní gbogbo ayé", tí yóò sì fi fọ́tò ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rí.

Irú rẹ̀ wà lára ti Amẹ́ríkà náà. Columbia ló gbé e jáde níbẹ̀, JC 35331, fọ́tò iwájú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ibi tí orúkọ Columbia máa ń wà yípo etí bébà àárín àwo, "Costello" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó dáa láti ní, ó sì ń fi hàn pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe "bébà tí Columbia kó padà nílẹ̀" bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Bí ẹ bá rí PC níwájú 35331 dípò JC, àtúntẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ni.

Ohun tó níye lórí ní tòótọ́ ni àwo kékeré ọlọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ náà sì ni jìbìtì ti jinlẹ̀ jù. Àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti RAD 3 ní àwo 7 inṣì kan nínú, SAM 83 ni nọ́ńbà rẹ̀: "Stranger in the House" wà lójú kan, "Neat Neat Neat" tó jẹ́ orin ẹgbẹ́ olórin The Damned wà lójú kejì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ra SAM 83 lọ́tọ̀, wọ́n á ra RAD 3 tó ti gbó lọ́tọ̀, wọ́n á kó méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní "ó pé bó ṣe jáde ní 1978". Ìyẹn gan-an kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kó nǹkan pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni owó tí wọ́n ń lé lé e. Ẹ wo iye tí RAD 3 tó wà ní irú ipò yẹn ń lọ, ẹ wo iye tí SAM 83 nìkan ń lọ, ẹ ro wọ́n pọ̀. Bí ohun tó ń béèrè bá fi púpọ̀ ju àròpọ̀ yẹn lọ, ẹ kó wọn jọ fúnra yín.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi SAM 83 sínú rẹ̀. Wọ́n á kọ "pẹ̀lú àwo 7 inṣì", wọ́n á wá fi ADA 3 síbẹ̀, ìyẹn "(I Don't Want to Go to) Chelsea" tí "You Belong to Me" wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ADA 10, "Pump It Up". Àwo tí wọ́n tà lásán nínú ìsọ̀ nígbà yẹn ni méjèèjì. Nọ́ńbà tó bá ti fi ADA bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun. Ẹ béèrè fọ́tò ojú méjèèjì àwo kékeré náà kí ẹ lè ka nọ́ńbà rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ ṣọ́ ìpààrọ̀ àwo pẹ̀lú: páálí Gẹ̀ẹ́sì, àwo Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Èyí rọrùn láti mú. Orin 12 ni ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ní. Lójú kejì, orin kejì ni "Chelsea", èyí tó sì kẹ́yìn ni "Night Rally". Ẹ̀dà Amẹ́ríkà yọ méjèèjì kúrò, ó fi "Radio Radio" sí i, ó wá di 11. Bí bébà ojú kejì bá ti ní "Radio Radio", ohun yòówù kí páálí wí, àwo RAD 3 kọ́ nìyẹn. (Ẹni tó ti ní ẹ̀dà Amẹ́ríkà, tó kàn fẹ́ gbọ́ orin méjì yẹn, kó wá Taking Liberties ti 1980. Méjèèjì wà níbẹ̀, "Stranger in the House" náà wà níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.)

"A kò tíì já ọ̀rá rẹ̀." Fún RAD 3, ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó láti mú yín rá pálá kúrò níbẹ̀. Ní 1978, wọn kì í sábà fi ọ̀rá lílẹ̀ di àwo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà ni àṣà yẹn pọ̀ sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di ọ̀rá tuntun kò wọ́n, ẹnikẹ́ni lè rà á sílé. Fún ẹ̀dà Columbia tí wọ́n ní ó ṣì wà nínú ọ̀rá, igun páálí ni kí ẹ wò. Bí igun bá ti tẹ̀, tàbí tí òbìrí àwo ti hó àwọ̀ iwájú páálí, ṣùgbọ́n tí ọ̀rá tó bò ó kò ní ìhá kankan, ìyà yẹn ti jẹ páálí kí ọ̀rá tó dé.

Ọ̀rọ̀ ipò àwo wá. Ìwọ̀n méjì ni àwọn ọlọ́jà ń lò, àwọn kan sì ń fi ìyàtọ̀ wọn jẹun. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, EX (Excellent) ló tẹ̀ lé Mint, ìyẹn àwo tó dà bíi tuntun. Ní Amẹ́ríkà, NM (Near Mint) ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà VG+, lẹ́yìn náà VG (Very Good, "ó dára gan-an"). EX ti Gẹ̀ẹ́sì kò ju VG+ ti Amẹ́ríkà lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn kan á ra EX ní London, wọ́n á kọ NM sí i lára fún ẹni tó wà ní New York. VG sì rèé, láìka bí orúkọ rẹ̀ ṣe dùn sí: àwo tí ẹ ó máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lábẹ́ orin ni. Ẹ má ra lẹ́tà, fọ́tò àti ohùn ni kí ẹ béèrè.

Ní ti fọ́tò, ẹ ní kó gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá kọjá lórí rẹ̀, torí iná tó bá wá láti òkè máa ń bo àpá mọ́lẹ̀. Kó ya etí ihò àárín àwo náà. Bí àwo bá ṣe ń gun ẹ̀rọ tó, bẹ́ẹ̀ ni orí irin ẹ̀rọ ń fi ìlà tín-ín-rín sára bébà kó tó bọ́ sínú ihò. Ìlà mẹ́ta, mẹ́rin, kò burú. Bí wọ́n bá ti pọ̀ bí irun níbẹ̀, àwo yẹn ti ṣiṣẹ́ gan-an, bó ti wù kó máa dán tó. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi nǹkan olóròóró tí wọ́n fi ń nu àga onígi ra á lára kó lè kọ mọ̀nà nínú fọ́tò. Òróró yẹn á gba eruku mọ́ra, á sì lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ yín. Bó bá dé tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń ta sánsán, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ dá a padà.

Ní ti ohùn, ẹ ní kó gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá "You Belong to Me" àti ti "Night Rally" sílẹ̀, kì í ṣe "Pump It Up" tí gbogbo wọn fẹ́ràn láti fi hàn. Àwọn méjèèjì ló kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń sún mọ́ àárín, yíyípo kan á máa kúrú sí i, orin á wá fún pọ̀ sínú ìlà, ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ tó ti jẹ ti máa ń kọ́kọ́ ba àwo jẹ́. Ohùn akọrin á máa fẹ́ síì níbi gbogbo tí lẹ́tà s bá wà. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń dún "tá", ẹ fi aago kà á. Irú àwo yìí ń yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Bí "tá" bá ń bọ̀ ní 1.8, 1.8 láìyẹ̀, ibi tó ha ni, kò sí ọṣẹ tó máa fọ̀ ọ́ kúrò. Bó bá kàn ń ta wúrúwúrú láìní ètò, eruku lè ni, fífọ̀ sì lè ràn án lọ́wọ́.

Ní ti owó: bí ẹni tó ń tà bá ní kí ẹ lo PayPal lọ́nà "Friends and Family" torí owó tí wọ́n máa gé, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ló máa san owó gígé náà, kó jẹ́ kí ẹ lo "Goods and Services". Bó bá ṣì kọ̀, ẹ jáwọ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn kò ní ààbò kankan fún ẹni tó ń rajà. Èkejì fún yín ní 180 ọjọ́ láti fi ẹjọ́ sùn. Ẹ tún ní kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kó yà á, torí fọ́tò tí wọ́n jí lọ́dọ̀ ẹlòmíì pọ̀ lọ jàra.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tó fẹ́ rán ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lọ rà á ní London, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ fún un: RAD 3 lára páálí àti lára àwo, "Chelsea" ni orin kejì lójú kejì, bí wọ́n bá ní àwo kékeré wà níbẹ̀, SAM 83 ni kó rí. Kó yọ àwo kúrò nínú páálí kó tó dì í, kó to méjèèjì lé ara wọn, kí páálí líle wà lókè àti nísàlẹ̀. Bí àwo bá wà nínú páálí, á máa sáré lọ sáré bọ̀ nínú ẹrù títí á fi ya etí páálí náà. Ooru inú ọkọ̀ náà ń ká àwo, kó má fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹrù bá ti dé, ẹ fi fóònù ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u, láìdá a dúró, láti orí àdírẹ́sì títí dé nọ́ńbà tó wà lára àwo. Ẹ gbọ́ ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bó bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi "ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i" fa ọjọ́ gùn: ẹ fi ẹjọ́ sùn ní kíákíá, ẹ fi fídíò náà tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti fi sùn kí ẹ tó máa bá a sọ̀rọ̀ lọ.