Ìpèpadà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Jẹ́: Ìfiwéra Alùpùpù Tòkunbọ̀ àti Àlòkù Ilé fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Á ní Àbújá

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù bá rí i pé àléébù kan wà lára ohun tí òun ti tà, bíi bíréèkì tó ń há, wáyà tó lè gbiná tàbí ṣọ́ọ̀kì iwájú tó lè tú, ó ní láti kéde rẹ̀, kí ó sì pe gbogbo àwọn tó ra irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ padà kí wọ́n lè bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mò ń pè ní ìpèpadà nìyẹn. Lẹ́tà ìpè náà máa ń lọ sọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé alùpùpù, ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá ti tà á, tí ó ti kó kúrò nílé tí ó ń gbé, tàbí tí ó kàn ju lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àléébù náà á bá alùpùpù wọ inú kọ̀ǹténà, á sì bá a dé Kubwa, Nyanya tàbí Gwagwalada, níbi tí ẹni tó fẹ́ rà á kò ti ní gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀ àfi bí ó bá fúnra rẹ̀ wá a.

Oríṣi alùpùpù àlòkù mẹ́ta ni àwa tí à ń gbé agbègbè Àbújá sábà máa ń rí rà: tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù tàbí Japan wá, àti èyí tí wọ́n tà ní tuntun ní Nàìjíríà tí ẹlòmíràn ti gùn, irú Boxer ti Bajaj, TVS àti Honda tí à ń rí lójoojúmọ́ ní Karu àti Lugbe. Ìró ẹ́ńjìnì, èéfín àti iye owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa máa ń fi yan èyí tí wọ́n fẹ́. Èmi fẹ́ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra lórí ìbéèrè méjì péré. Èwo ló rọrùn láti mọ̀ bóyá ìpèpadà ṣì wà lórí rẹ̀? Èwo ló sì rọrùn láti tún ṣe níbí lẹ́yìn tí a bá ti mọ̀? Ohun tí mo rí ni pé ìdáhùn méjèèjì kì í bára wọn rìn: èyí tó rọrùn jù láti yẹ̀ wò ni ó máa ń nira láti tún ṣe, èyí tí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ilé lè tún ṣe ni a kì í sì tètè rí ibi tí a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ńbà ṣásí ló ṣáájú

Ibi yòówù tí alùpùpù ti wá, nọ́ńbà ṣásí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ní ọrùn alùpùpù, níbi tí hándù ti wọ inú férémù, ẹ sì lè ní láti yí hándù sápá kan kí ẹ sì fi àkísà nu eruku ọyẹ́ kúrò kí ẹ tó rí i kà. Ẹ má ṣe fara mọ́ èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan. Ẹ fi fóònù ya àwòrán èyí tó wà lára irin, kí ẹ fi méjèèjì wéra ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì yàtọ̀ sí i, kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Lára àwọn alùpùpù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, lẹ́tà àti òǹkà 17 ni nọ́ńbà ṣásí máa ń jẹ́, a kì í sì lo I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà ohun tó bá jọ O níbẹ̀, òdo ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ṣe é: JYA jẹ́ ti Yamaha láti Japan, JH2 jẹ́ ti Honda láti Japan, WB1 jẹ́ ti BMW láti Jámánì, 1HD jẹ́ ti Harley-Davidson, MD2 àti MD6 sì jẹ́ ti Bajaj àti TVS láti Índíà. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ipò kẹwàá ń sọ ọdún tí wọ́n kà á sí: D ni 2013, H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019. Ẹni tó bá ń pè é ní 2019 nígbà tí D wà níbẹ̀ ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún yín. Ẹni tí kò bá sì gbà kí ẹ ya àwòrán nọ́ńbà náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà

Nínú ọ̀rọ̀ ìwádìí, kò sí èyí tó tó ti Amẹ́ríkà. Àjọ tó ń bójú tó ààbò ojú pópó níbẹ̀, NHTSA, ní ìkànnì kan tí ẹ ó tẹ nọ́ńbà 17 náà sí, láìsan kọ́bọ̀, láìforúkọ sílẹ̀, tí yóò sì sọ fún yín bóyá ìpèpadà kan wà lórí alùpùpù yẹn gan-an tí a kò tíì tún ṣe. Ẹ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni tó ń tà á kí ẹ parí rẹ̀ kí omi tí wọ́n gbé fún yín tó tán.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Kì í fi èyí tí wọ́n ti tún ṣe hàn, kì í sábà fi ìpèpadà tó ti lé ní ọdún 15 hàn, ìpèpadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde lè má tíì dé ibẹ̀, kò sì mọ alùpùpù tí wọn kò ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà alùpùpù tó ti Jámánì wá síbẹ̀, tí ó ní òun kò rí nǹkan kan, ìdáhùn yẹn kò túmọ̀ sí pé alùpùpù náà mọ́. Mo ti rí ẹni tó fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ta ọjà, ó sì dùn mí, nítorí pé ẹni tó rà á gbà gbọ́ pé òun ti ṣe ohun tó yẹ.

Kí ẹ lè mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe tóbi tó, ẹ wo Honda Gold Wing GL1800. Ní ọdún 2011, Honda pe èyí tó lé ní 120,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé bíréèkì ẹ̀yìn lè há láìjẹ́ pé ẹni tó ń gùn ún mọ̀, kí ó gbóná, kí ó sì gbiná; nígbà tó yá, wọ́n tún ní láti pè wọ́n padà lórí ọ̀rọ̀ bíréèkì kan náà. Àwọn Gold Wing tó ní éábáàgì tún wà lára ohun tí wọ́n pè padà nítorí éábáàgì tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún títí tí ó fi lè bú, kí ó sì fọ́n irin sí ẹni tó jókòó lé e. Ẹ ro ohun tí oòrùn oṣù kẹta ní Àbújá yóò ṣe sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Harley-Davidson náà pe nǹkan bí 178,000 padà ní 2018 nítorí kílọ́ọ̀ṣì tó lè jò, kí ó má sì já mọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ti ń nira ni àtúnṣe. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta alùpùpù ilé iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ló wà, ẹ kò sì lè fi òfin ibẹ̀ mú ẹnikẹ́ni ní Apo. Ohun tó kù ni àwọn ìwé tó wà lábẹ́ ìpèpadà kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì yẹn, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́, ìdí tó fi bàjẹ́ àti ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n jáde, kí ẹ kó wọn lọ bá mẹkáníìkì yín, kí ẹ sì ṣírò owó ẹ̀yà náà, owó gbígbé rẹ̀ wá àti owó iṣẹ́ kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Bí mo ti ṣe nìyẹn nígbà kan tí mo fẹ́ ra ọ̀kan ní Kubwa. Ìpèpadà bíréèkì ẹ̀yìn wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́. Ọkùnrin tó ń tà á gùn ún yí àdúgbò ká lójú mi, ó tẹ bíréèkì, ó dúró, ó sì ní kí ni mo tún ń wá. Mo ní kí ó yọ owó àtúnṣe kúrò, ó kọ̀, mo sì kọ nọ́ńbà ìpèpadà náà sórí ìwé, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún ẹni tí yóò rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, alùpùpù náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ṣì máa ń ro ti ìwé yẹn.

Tòkunbọ̀ Yúróòpù àti Japan

Èyí gba sùúrù. Ní Ìlú Ọba, ìkànnì ìjọba máa ń fi ìpèpadà hàn nípa orúkọ ilé iṣẹ́, irú alùpùpù àti ọdún rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní nọ́ńbà pálétì àtijọ́ rẹ̀, ẹ lè wo ìtàn àyẹ̀wò MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì yẹ lójú pópó. Wọ́n ti lè yọ pálétì náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó bá a wá láti Ìlú Ọba, ṣe pàtàkì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù ti tó. Àjọ KBA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Jámánì ní àkójọ ìpèpadà tirẹ̀, ètò Safety Gate ti ìṣọ̀kan Yúróòpù sì máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé irú alùpùpù yìí, tí wọ́n ṣe láàrin àkókò yìí, ní àléébù. Kò sọ pé èyí tó wà níwájú yín ti rí àtúnṣe tàbí kò tíì rí i. Láti mọ ìyẹn, ẹ ní láti fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà ní orílẹ̀-èdè tí alùpùpù ti wá. Ti Japan tún yàtọ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà ilé wọn kì í ní nọ́ńbà 17, kúkúrú ni, pẹ̀lú àmì ìdá láàrin, èdè wọn sì ni wọ́n fi kọ ìkéde ìpèpadà.

Àpẹẹrẹ tó kàn wá gan-an ni ti BMW R 1200 GS. Ní 2017, wọ́n kéde pé ṣọ́ọ̀kì iwájú àwọn tí wọ́n ṣe láàrin ìparí 2013 àti àárín 2017 lè bàjẹ́ lẹ́yìn tó bá gba ìkọlù líle, irú èyí tí kòtò ojú ọ̀nà máa ń fà. Ẹni tó mọ ọ̀nà Lókọ́jà sí Àbújá mọ ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀.

Àlòkù ilé

Boxer tàbí TVS tí ẹnìkan rà ní tuntun ní Kàdúná tàbí Kánò ni ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ jù ní ọjà Zuba, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀. Ìpèpadà rẹ̀ ló ṣòro láti tọpasẹ̀, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè kan pàtó ni wọ́n sábà máa ń fi ìpèpadà mọ sí. Bí àpẹẹrẹ, ní oṣù karùn-ún 2021, ilé iṣẹ́ Royal Enfield pe 236,966 alùpùpù padà nítorí kọ́ìlì tó ń fi iná ránṣẹ́ sí pílọ́ọ̀gì. Índíà, Thailand, Indonesia, Philippines, Malaysia, Australia àti New Zealand ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan nínú wọn wọ orílẹ̀-èdè mìíràn kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 lórílẹ̀-èdè wa sọ pé ilé iṣẹ́ tàbí olùpín tó bá mọ̀ pé ọjà òun léwu gbọ́dọ̀ kéde fún aráàlú kí ó sì kó o kúrò lọ́jà, àjọ FCCPC tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá ló sì ń rí sí i. Nítorí náà, ẹ gbé nọ́ńbà ṣásí lọ bá ẹni tí ilé iṣẹ́ náà fi ṣe aṣojú: Simba fún TVS, CFAO fún Yamaha, Honda sì ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ọ̀tà. Ẹ béèrè nínú ìwé, kí ìdáhùn náà wá nínú ìwé. Bí ẹni tó ń tà á bá ṣì ní ìwé ìtọ́jú tó bá alùpùpù wá, ẹ wò ó fún òǹtẹ̀ àtúnṣe. Ohun kan wà tó ń dín agbára ìwádìí yìí kù: alùpùpù tó ti ṣe ọ̀kadà fún ọdún mẹ́ta lè má ní ẹ̀yà tí wọ́n pè padà yẹn lára mọ́, kí ó jẹ́ pé ayédèrú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ewu tí ìpèpadà kankan kò ní sọ.

Èyí tí èmi yóò yàn

Fún ẹni tó fẹ́ fi gbé ẹrù oníbàárà kiri tàbí tó ń lọ oko ní Kuje, àlòkù ilé ni mo fara mọ́, bí ìwé rẹ̀ bá pé, nítorí pé alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò lè dúró de ẹ̀yà láti òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ alùpùpù ńlá, kí ó mú ti Amẹ́ríkà tí ìkànnì NHTSA fi hàn pé kò ní ìpèpadà, àní bí owó rẹ̀ bá ju ti Yúróòpù tí kò ní ìwé lọ díẹ̀. Ti Yúróòpù tó ní ìwé pípé kò burú. Èyí tó ní ìpèpadà bíréèkì, iná tàbí éábáàgì tí kò sì sí ẹ̀yà rẹ̀ nítòsí, n kò ní rà á ní iyekíye; àmọ́ èyí tí ìpèpadà rẹ̀ kò ju ti bébà ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣì lẹ̀ lọ, kò yẹ kí ó dá ẹnikẹ́ni dúró.

Bí ẹ bá ti fohùn ṣọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà ṣásí, ọjọ́ tí ẹ ṣe ìwádìí, nọ́ńbà ìpèpadà tó bá wà àti ẹni tí yóò san owó àtúnṣe rẹ̀ sínú rìsíìtì, kí ẹni tó tà á àti ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi àwòrán èsì ìwádìí náà pamọ́ sínú fóònù yín fún ọjọ́ tí ẹ̀yin náà yóò tà á fún ẹlòmíràn.